Alẹ́ Òní, Èmi àti Miss Odessa Ń Lọ Wo Bésíbọ́ọ̀lù

Tí ẹgbẹ́ wa bá pàdánù lálẹ́ òní, ó parí nìyẹn títí di ọdún tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá borí, a ṣì wà nínú ìdíje. Níbi iṣẹ́ lánàá, gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi ló ń bi mí pé ṣé ẹ̀rù ò bà mí. Mo ní ó ń bà mí gan-an. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ẹni tí bésíbọ́ọ̀lù ń dà láàmú bíi tèmi ní gbogbo ìlú Largo. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti bọ́ọ̀lù, nítorí òun ló rọrùn láti sọ. Ọlọ́wọ́ òsì kan ló máa ju bọ́ọ̀lù fún wa lálẹ́ òní, ọmọkùnrin gíga pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó máa ń fi èjìká nu òógùn ojú rẹ̀ kó tó jù ú. Tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi máa fi kóńdó kan bọ́ọ̀lù rẹ̀. Tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, ẹ má jókòó síbi tí bọ́ọ̀lù ti lè bà yín. Àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa gbá ní ọkùnrin mẹ́ta tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ òsì bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn dòdò. Tí a bá gba ìdajì eré kọjá tí àwọn mẹ́ta yẹn ò tíì bà wá jẹ́, mo gbà pé a máa borí. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì ti ṣì í sọ rí.

Fún ẹni tí kò bá mọ eré yìí: ẹnì kan máa ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ẹlòmíì á fi kóńdó gbá a, á wá sáré gba igun mẹ́rin pápá yí ká títí á fi padà síbi tó ti gbéra. Ibi tó ti gbéra yẹn ni wọ́n ń pè ní ilé. Tó bá ti délé, ayò kan nìyẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún Màámi n'Ìbàdàn lórí fóònù, ó bi mí ní ìbéèrè kan.

"Ṣé gbogbo eré tí wọ́n ń sá yẹn, torí kí wọ́n lè padà sílé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ló wá gbé wọn kúrò nílé tẹ́lẹ̀?"

Èmi náà ti lo bí ọdún kan láìfojú kan ilé nígbà yẹn.

Nígbà tí mo dé ìpínlẹ̀ Maryland yìí, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà nínú ilé ni mo kọ́kọ́ rí ṣe, ní Mitchellville, níbi tí àwọn ilé ti tóbi fàkìàfakia, tí koríko iwájú wọn tẹ́jú bí ẹní, tí ẹ ò sì ní rí ẹyọ èèyàn kan lójú títì. Ẹni tó bá jáde, inú mọ́tò ló bá jáde, inú mọ́tò náà ló sì máa bá wọlé. Aláwọ̀ dúdú bíi tèmi ló pọ̀ jù ládùúgbò náà, mo sì ti rò pé mo máa rí ẹni kí. Lọ́jọ́ kan mo rí ọkùnrin kan tó ń gé koríko, mo bá ní "Well done, sir," bí àwa ṣe máa ń kíni kú iṣẹ́. Ó pa ẹ̀rọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní kí ni òun ṣe? Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu ara mi.

Miss Odessa ni orúkọ màmá tí mo ń tọ́jú. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, opó ni, Renee ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ń bá a gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ màmá náà lẹ́nu, ó sì máa ń gbàgbé òògùn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe é ní nǹkan kan nígbà náà. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó rán mí lọ sọ pé nígbàkígbà tó bá fẹ́ gorí àtẹ̀gùn tàbí kó sọ̀kalẹ̀, mo gbọ́dọ̀ di apá rẹ̀ mú. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Baby, ẹsẹ̀ yìí ni mo fi jó títí ilẹ̀ fi mọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Kí lo fẹ́ kọ́ ọ?"

"Mà, wọ́n ní kí n dì yín mú ni."

"Ó dáa, dì mí mú. Ìwọ gan-an ló ń gbọ̀n."

Kò parọ́. Mo ń gbọ̀n nígbà gbogbo lọ́dún yẹn. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan ni mo ń gbé ní New Carrollton, èmi àti obìnrin kan tí kì í kí mi, fèrèsé wa kò sì ju ìwé àjákọ ọmọ iléèwé lọ. Gàrí ni mo ń mu láàárọ̀, gàrí ni mo ń mu lálẹ́. Tí fóònù bá dún, àyà mi á já pé wọ́n fẹ́ ní kí n má wá mọ́. Tí kò bá dún fún ọjọ́ méjì, àyà mi á já pé wọ́n ti gbàgbé mi nílé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ wa náà ń jẹ ìyà. Ọdún burúkú ni. Wọ́n á jókòó síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ wá sí pápá, ẹni tó yẹ kó mú bọ́ọ̀lù á jẹ́ kó já bọ́, ẹni tó yẹ kó sáré á máa wojú ọ̀run. Miss Odessa kò pa eré kan jẹ. Ó máa ń bú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, lọ́jọ́ kejì, á tún wọ fìlà wọn. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi pẹ́ńsùlù kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú eré sínú ìwé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kọ odindi eré kan láìṣì í, ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni ń kí ẹni tó yege nínú ìdánwò. Mo kọrin lọ sílé lọ́jọ́ yẹn nínú bọ́ọ̀sì.

Ohun kan wà lára pátákó eré náà tí kò yé mi. Wọ́n ń kọ iye ayò síbẹ̀, a sì mọ ìyẹn. Wọ́n tún ń kọ àṣìṣe.

"Ta ló ń sọ pé àṣìṣe ẹni báyìí ni?"

"Ọkùnrin kan jókòó lókè. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn."

"Tí kò bá jẹ́ ẹ̀bi ẹnikẹ́ni ńkọ́?"

Ó wò mí lókè jígí ojú rẹ̀. "Baby, wọ́n máa rí ẹnì kan kọ ọ́ sí lọ́rùn."

Mo máa ń pe Màámi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bésíbọ́ọ̀lù la sì fi ń ṣeré, nítorí mi ò fẹ́ kó bi mí nípa oúnjẹ. Àwọn ará ibí máa ń sọ pé ẹnì kan jalè tó bá sá lọ sí igun kejì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbá bọ́ọ̀lù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni mo ṣe sọ ọ́ fún un.

"Màámi, ọmọkùnrin wa kan jalè lẹ́ẹ̀mejì lónìí!"

"Ó jalè? Wọ́n mú un?"

"Rárá o. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un."

Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, irú àwọn èèyàn wo lò ń bá rìn níbẹ̀ yẹn?"

Ó kó ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà rẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí mi.

Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni. Èmi àti Miss Odessa ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó ku àtẹ̀gùn mẹ́ta. Àtẹ̀gùn yẹn dojú kọ pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n sì wà ní títàn. Ẹni tó burú jù nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa, tí kò gbá nǹkan kan láti bí oṣù kan, ló gbé kóńdó dúró. Mo gbọ́ ìró kóńdó náà, mo gbọ́ tí ohùn ẹni tó ń ròyìn eré lọ sókè. Bọ́ọ̀lù náà ń fò lọ. Mo jọ̀wọ́ apá Miss Odessa, mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, mo pariwo. Kò ju kí ojú ṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Ṣùgbọ́n òun ti fara tì mí láti gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kò sì bá mi níbẹ̀.

Egungun ìbàdí rẹ̀ kán, orí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tì í, ohun tó ń ti ẹnu mi jáde ni "Pẹ̀lẹ́, mà! Sorry, ma! Sorry! Sorry!" Renee sáré jáde láti yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Kí lò ń bẹ̀bẹ̀ fún? Kí lo ṣe fún ìyá mi?"

Ilé-iṣẹ́ wa dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa mi, wọ́n ní òṣìṣẹ́ náà tọrọ àforíjì léraléra, ó fi hàn pé ó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi. Mi ò lè sùn. Gbogbo mọ́tò tó bá dúró níwájú ilé, mo máa ń rò pé èmi ni wọ́n wá mú. Àǹtí Bùkọ́lá, nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ló wá bá mi.

"Wò ó, sorry tí o sọ yẹn, that's not a confession. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ, a kì í ṣáà sọ pé pẹ̀lẹ́ fún un? Ṣé àwa la gbé òkúta síbẹ̀ ni? Àwọn ará ibí ò mọ ìyẹn. Pastor máa kọ letter, wọ́n máa explain ẹ̀ pé it's our culture." Ó wá tẹjú mọ́ mi. "Àbí o tiẹ̀ ṣe nǹkan kan ni?"

"Rárá, mà," ni mo wí.

Wọ́n kọ lẹ́tà náà. Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé pẹ̀lẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlẹ́bi, òótọ́ ni pé a máa ń sọ ọ́ fún ẹni tí òjò pa àti ẹni tí ata ta lójú. Irọ́ náà wà lẹ́nu tèmi nìkan. Nígbà tí Miss Odessa là á já nílé ìwòsàn, wọ́n bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní òun ò rántí nǹkan kan, pé ó ní láti jẹ́ pé ẹsẹ̀ òun ló yẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá mi láre. Renee gan-an wá bẹ̀ mí, ó sunkún, ó dì mọ́ mi, pé òun ò mọ àṣà wa ni.

Láti ìgbà náà, mo ti di ìtàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ẹnì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé, wọ́n á ní kó wá gbọ́ ohun tí sorry fẹ́ fi ṣe lágbájá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mo ti lọ sílé ìwé, mo ti di nọ́ọ̀sì, mo ń wa mọ́tò tèmi, mo ń fi ohùn tó dúró pàṣẹ fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn ju tèmi lọ. Ní ọjọ́ tí mo gba ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì mi, Màámi jó lórí fóònù, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí bó ṣe ń jó.

Ohun tó ń dá mi lẹ́bi jù ni ẹsẹ̀ Miss Odessa. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kò sì gun òkè ilé ara rẹ̀ mọ́. Irin tí àwọn arúgbó máa ń tì síwájú ló fi ń rìn, kódà nígbà tí dókítà ti ní egungun náà ti jinná dáadáa. Oṣooṣù ni mo ń lọ kí i, a sì jọ ń wo bọ́ọ̀lù. Nígbà kan tí mo ní kó jẹ́ ká rìn dé ẹnu ọ̀nà láìmú irin náà, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń wo ẹni tó ti da òun rí.

"Mi ò fọkàn tán wọn mọ́, Baby. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n tún máa ṣe é."

Mo mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bá a bu omi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí, ohùn rẹ̀ ń dún bíi ti ọmọdé. Renee ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún un fún eré alẹ́ òní. Òun fúnra rẹ̀ ò lè lọ nítorí iṣẹ́, ó sì ní èmi nìkan ni òun lè fi ìyá òun lé lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná mi. Mo mọ̀ pé mi ò ní lè di apá yẹn mú lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan sí i kí n sì panu mọ́.

Mo lọ bá Àǹtí Bùkọ́lá lánàá, mo jẹ́wọ́ fún un. Ó pa iná gáàsì rẹ̀, ó jókòó.

"O ò gbọdọ̀ sọ ọ́. Ṣé o gbọ́ mi? License tí o fi omijé gbà ńkọ́? Renee yẹn máa pe lawyer kílẹ̀ tó mọ́. Màmá yẹn gan-an ò rántí. Ta ló bi ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, mà."

"Ehn, leave am bẹ́ẹ̀."

Láàárọ̀ yìí mo pe Màámi. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ní tí èèyàn bá ṣe àgbàlagbà kan ní ohun tí kò dáa, tí àgbàlagbà náà sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún un, kí ló yẹ ní ṣíṣe?

"Ṣé àgbàlagbà náà ṣì wà láyé?"

"Ó wà, mà."

"Kí lò ń dúró dè?"

Mo ní kò sí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ fóònù náà kó tó pa.

Ibi tí mo kọ̀wé dé láàárọ̀ nìyẹn. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo ti ń kọ ìyókù, Miss Odessa sì jókòó ní ọ̀ọ́kán mi.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ọ̀sán ni mo lọ gbé e ní Mitchellville. Ó ti wọ fìlà, ó ti kun ètè. A wa mọ́tò lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Largo, mo gbé mọ́tò síbi tí wọ́n ń gbé e sí, mo sì pa á. Mi ò ṣílẹ̀kùn.

"Mà, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ."

"Tó bá jẹ́ pé o gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì sílé, màá pa ẹ́."

Mo sọ ọ́. Mi ò fi òyìnbó dídùn bò ó, mi ò dárúkọ àṣà. Mo ní mo dì í mú, bọ́ọ̀lù fò lọ, mo jọ̀wọ́ rẹ̀ láti pariwo, ìyẹn ló jẹ́ kó ṣubú, mo sì ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Kò yíjú sí mi.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Mo tún un sọ.

"O dì mí mú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì fi mí sílẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi."

"Rárá, mà. Ẹsẹ̀ yín ò ṣe nǹkan kan."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rọra ń fọwọ́ pa wọ́n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́. Ó fi ìkúùkù lu iwájú mọ́tò mi. "Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sá fún ara mi! Ò ń wá sílé mi, ò ń jẹ oúnjẹ mi, ò ń wò mí!" Mo ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀, mi ò sì bẹ̀ ẹ́, nítorí mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣì wúlò lẹ́nu mi. Nígbà tó yá, ó nu ojú rẹ̀.

"Renee gbọ́dọ̀ gbọ́. Lẹ́nu rẹ. Lọ́la."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ohun tó bá sì fẹ́ fi ẹ́ ṣe, mi ò ní dá a lẹ́kun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí búùtù láti gbé irin rẹ̀. Ó ti ṣílẹ̀kùn, ó ti gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀.

"Fi í síbẹ̀."

Mo ní, "Mà, nọ́ọ̀sì ni mí. Ẹsẹ̀ tí ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ lò fún ọdún mẹ́ta ti rọ. Ẹ jẹ́ ká mú un dání." Ó dìde, ó di ara mọ́tò mú, ó dúró gbọnyin. Mo na ọwọ́ sí apá rẹ̀.

"Má fọwọ́ kàn mí."

Mo pa búùtù dé mọ́ irin náà, ó sì rìn. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bi í ní ìbéèrè. Àwọn èèyàn tó wọ fìlà ẹgbẹ́ wa ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ́tùn-ún lósì. A dúró fún ìsinmi lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí a tó dé inú ọkọ̀ ojú irin.

Láti ìgbà tí a ti wọ ọkọ̀, gbólóhùn kan péré ló ti bá mi sọ. Ó bi mí pé ta ló ń ju bọ́ọ̀lù fún wa lálẹ́ òní. Mo ní ọlọ́wọ́ òsì yẹn ni. Ó mi orí, ó wo fèrèsé. Ọ̀la ń bà mí lẹ́rù, Renee ń bà mí lẹ́rù, ìwé àṣẹ mi ń bà mí lẹ́rù, mi ò sì lè sọ ẹni tó máa borí mọ́.

Wọ́n ti ń pe ibùdókọ̀ tí a ti máa sọ̀kalẹ̀. Miss Odessa ti dìde kí ọkọ̀ tó dúró, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo di irin àárín mú, ara rẹ̀ ń mì. Màá ki ìwé yìí bọ àpò, èmi náà á dìde. Màá na ọwọ́ mi méjèèjì dè é lẹ́yìn, mi ò ní fi kàn án.